Ọmọ Inú Ń Sunkún ní Ìkòròdú

Kò sí olè mọ́ ní Ìkòròdú. Ẹni tí ẹ bá rí tó kó owó ìlú jẹ, ọmọdé tí wọn ò jẹ́ kó ṣeré tó ni. Àṣà tuntun tó wọ̀lú nìyẹn, ó sì ti dé ṣọ́ọ̀bù bábà tí mo ti ń gẹ irun ní Sábó.

Ní Sátidé, ọ̀rẹ́ mi kan wà lórí àga, kílípà wà ní ìpàkọ́ rẹ̀, ó ń gbèjà olóṣèlú kan tó ti ṣèlérí ọ̀dà fún àdúgbò wa nígbà mẹ́ta. Ó ní ká má bú u, ọmọ inú rẹ̀ ló ń sunkún.

Mo ní, "Ọmọ inú kẹ̀? Oyún oṣù mélòó?"

Ó wò mí bí ẹni wo ará oko. Ó ní ọmọdé tí a jẹ́ rí, tó ṣì wà nínú àgbàlagbà, lòun ń wí.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ìwé ló fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní 1920, Sigmund Freud, dókítà tó ń wádìí ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn, kọ̀wé nípa ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù 18. Ìyá ọmọ yìí máa ń jáde fún wákàtí púpọ̀, ọmọ ò sì ní sunkún. Igi róbótó tí wọ́n ń ká òwú lé ló máa ń mú, tí okùn wà lára rẹ̀. Á jù ú sínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí wọ́n ta aṣọ bò, á ní "o-o-o". Freud àti ìyá ọmọ gbà pé "ó lọ" ló ń wí. Á wá fa okùn, igi á yọjú, inú rẹ̀ á dùn: "ó dé!" Freud ní ìyá rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló fi ń ṣeré. (Ká ní ilé wa ni, bojúbojú là bá pè é, a ò ní kọ̀wé lé e.)

Ọ̀rẹ́ mi ní eré tí olóṣèlú wa ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó lọ: ọdún 4, ẹnì kan ò fojú kàn án. Ó dé: sáírìn láti Gáréèjì dé Ẹ̀bútè, àti ìrẹsì kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńláńlá wà ní Ìmọ̀ta níbí, wọ́n ṣí i ní 2023; kọ́ńgò tiwa ò kúrò ní ẹyọ kan.

Mo ní ó dáa, ta wá ni igi inú eré náà? Àwa kọ́ yẹn? Àwa ni wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn.

Kò dá mi lóhùn. Donald Winnicott ló tún gbé dé, dókítà ọmọdé ní London, tó sọ̀rọ̀ ní 1951 nípa àkísà tí ọmọ máa ń dì mú bó bá fẹ́ sùn, tí ìyá ò gbọdọ̀ fọ̀, torí òórùn rẹ̀ ni adùn rẹ̀. Ó ní sáírìn ni àkísà àwọn ọ̀gá wa, bí a bá gbà á, wọ́n á ké. Kò ka ọ̀rọ̀ dókítà náà débi tó ti ní bó bá yá, ọmọ á fi àkísà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi wá olóṣèlú kan tó fi sáírìn sílẹ̀ sílé.

Àrùn yìí sì ń ràn. Ẹni tó jẹ mí lówó láti ọdún ìjẹta ní ọmọ inú òun ń bẹ̀rù ìpínyà, òun ò lè fi owó náà sílẹ̀. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, mo gbà. Ọmọ ọdún 62 tó gbé ìkòkò ẹ̀kọ sá lọ ńkọ́?

Ní gbogbo àkókò yìí, bábà ò wí nǹkan kan. Ó gẹ irun tán, ó gbọn aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ pa orí, ó wo díńgí, ó ní kó kọ owó irun sílẹ̀ fóun. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́nu ṣájà lára ògiri. Bábà rọra yọ ọ́, ó fa dúrọ́ọ̀, ó sọ ọ́ sí i, ó tì í pa.

"O-o-o," ni bábà wí.

"Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń ṣeré ni, bọ̀dá. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni okùn rẹ̀. Ẹ fà á, á dé."