Ipá tí a fi gbá bọ́ọ̀lù kì í bá bọ́ọ̀lù lọ

Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí ọmọ kan gbá bá yí dé ìdajì pápá, tí ó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi dúró, ohun tí ẹnu wa máa ń sọ ni pé agbára rẹ̀ ti tán. Gbólóhùn yẹn dùn létí, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa jiyàn lórí rẹ̀ ní pápá ìṣeré. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò tọ̀nà: pé ẹsẹ̀ tí ó gbá bọ́ọ̀lù ti fi ipá kan sínú rẹ̀, pé ipá yẹn ni ó ń gbé e lọ, àti pé ìgbà tí ipá náà bá gbẹ ni bọ́ọ̀lù yóò dúró. Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé kò sí nǹkan tí ó lè máa lọ láìjẹ́ pé ohun kan ń tì í tàbí ń fà á.

Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1982, John Clement, olùwádìí kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà. Ó bi wọ́n léèrè nípa owó ẹyọ tí a jù sókè, ó ní kí wọ́n fi ọfà tọ́ka sí gbogbo ipá tí ó wà lára rẹ̀ nígbà tí ó ti kúrò lọ́wọ́, tí ó ṣì ń gòkè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ya ọfà kan tí ó kọjú sókè, wọ́n ní ipá ọwọ́ ni, àwọn kan sì tún ya irú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán. Bí a bá yọ afẹ́fẹ́ kúrò, ipá kan ṣoṣo ni ó wà lára owó yẹn, òòfà ilẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ ni ó sì kọjú sí láti ìgbà tí owó ti fi ọwọ́ sílẹ̀ títí tí yóò fi padà wálẹ̀. Èmi náà ya irú ọfà bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdánwò. Gègé pupa tí olùkọ́ fi fagi lé e kò tíì kúrò lójú mi.

Mo rò pé èdè wa ní ọwọ́ nínú àṣìṣe náà. Agbára ni à ń pe ohun tí alábàárù fi gbé àpò sìmẹ́ǹtì, agbára ni à ń pe ohun tí ń bẹ nínú bátìrì, agbára náà ni à ń pe ti ìjọba. Físíìsì ya méjì nínú wọn sọ́tọ̀. Ipá jẹ́ títì tàbí fífà: ó nílò ẹni méjì, èyí tí ń tì àti èyí tí à ń tì, bí ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì bá sì ti parí, ipá náà ti parí nìyẹn. Newton ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Agbára ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí nǹkan lè ní lára, tí ó lè gbé rìn, tí ó sì lè gbé fún òmíràn. Joule ni a fi ń wọn èyí. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù tí ń sáré ní agbára lára, ṣùgbọ́n kò sí ipá ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń da ọ̀rọ̀ tiwọn pọ̀ nínú ìsọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kí a má rò pé tiwa nìkan ni.)

Ẹ wo bí ipá ẹsẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Bọ́ọ̀lù tí a fi ń gbá ìdíje wọ̀n láàárín gíráàmù 410 sí 450. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá bá gbá a tí ó fi sáré tó mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ipá ẹsẹ̀ náà á tó nǹkan bíi Newton 1,000, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù fi ń kan ara wọn. Kí afẹsẹ̀gbá tó gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ipá yẹn kò sí mọ́ níbì kankan láyé, bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀.

Kí ni ó wá ń dá a dúró? Àwọn ọmọdé tí wọ́n ti ta òkòtó rí mọ ìdáhùn kí wọ́n tó dé kíláàsì. Òkòtó tí a ta sórí iyanrìn kì í pẹ́ ṣubú. Èyí tí a ta sórí sìmẹ́ǹtì dídán á yí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a ta sínú àwo tánganran á yí títí tí yóò fi dà bíi pé ó sùn. Ọwọ́ kan náà ni ó ta á, kò fi ipá kún un. Bí ó bá jẹ́ pé ipá inú òkòtó ni ó ń tán, kí ni ó dé tí ó fi ń yára tán lórí iyanrìn, tí ó sì ń pẹ́ nínú àwo? Ilẹ̀ tí òkòtó ń ha ni ó ń dá a dúró, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Híha ara ẹni yìí ni àwọn olùkọ́ ń pè ní friction.

Ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó fi ọkàn balẹ̀ sí ibẹ̀. Aristotle ní Gíríìsì kọ́ni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń ti òkò tí a jù lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lọ́wọ́. John Philoponus ti Alexandria, ní Íjíbítì, ta ko èyí ní ọ̀rúndún kẹfà, ó ní ẹni tí ó ju òkò ni ó fi ipá sí i lára, pé ipá náà a sì máa tán fúnra rẹ̀. Òun gan-an ni à ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí a bá ní agbára bọ́ọ̀lù ti tán. Jean Buridan ní Paris, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀ sí i, ó ní ohun tí a fi sí i lára kì í dédé tán àfi tí nǹkan bá dènà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Galileo, ará Ítálì, ro ọ̀rọ̀ náà dé òpin ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó ṣàlàyé pé bọ́ọ̀lù kékeré tí ó yí sọ̀kalẹ̀ lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan yóò gun pákó kejì tí ó kọjú sí i títí dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá rẹ pákó kejì sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á rìn jìnnà sí i kí ó tó dé gíga yẹn. Bí a bá wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ńkọ́, tí ohunkóhun kò sì dí i lọ́nà? Kò ní dé gíga náà láéláé, nítorí náà kò ní dúró.

Ní ọdún 1687, Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú ìrònú yìí ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn òfin mẹ́ta rẹ̀: ohun tí ó dúró yóò máa dúró, ohun tí ó ń lọ yóò máa lọ tààrà láìyí eré rẹ̀ padà, àfi bí ipá láti ìta bá kàn án. Iṣẹ́ ipá, nígbà náà, ni láti yí bí nǹkan ṣe ń lọ padà.

Ẹni tí ó bá ti wọ dánfó ní Èkó ti fi ara rẹ̀ dán òfin yìí wò. Awakọ̀ tẹ búréèkì lójijì, gbogbo èrò dà síwájú, ẹni tí ó wà lẹ́yìn sì fi orí gbá ìjókòó iwájú. A máa ń ní búréèkì ni ó tì wá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó tì wá. Ọkọ̀ ni ó dúró. Àwa, tí a ti ń bá a sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ń bá eré tiwa lọ títí a fi bá irin tàbí èjìká ẹlòmíràn pàdé. Bẹ́líìtì ìjókòó wà kí ipá tí yóò dá wa dúró lè kàn wá ní àyà àti ìbàdí, kí ó má ba à jẹ́ gíláàsì iwájú ni yóò ṣe é.

Níbí ni awakọ̀ kan yóò ti dá mi lọ́wọ́ kọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Yóò ní bí òun kò bá tẹná mọ́, ọkọ̀ ń dúró, pé lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú pàápàá òun ń jó epo. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ń gbá ọkọ̀ lójú àti táyà tí ń tẹ̀ wọlé bí ó ti ń yí ni wọ́n ń jẹ epo náà. Nígbà tí eré kò bá pọ̀ sí i tí kò sì dín kù, ipá tí ń ti ọkọ̀ síwájú àti èyí tí ń fà á sẹ́yìn dọ́gba, wọ́n pa ara wọn rẹ́, àpapọ̀ wọn kò sì ju òfo lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń dí ọkọ̀ lọ́nà á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, èyí tí ó jẹ́ kí epo tètè tán fún ẹni tí ń fò lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ kò bá sí, ọ̀rọ̀ a dá ṣáká. Wọ́n ta Voyager 1, ọkọ̀ ojú òfuurufú tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, sókè láti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fún un ní eré, òòfà Júpítà ní 1979 àti ti Sátọ̀n ní 1980 sì fi kún un. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnjìnnì tí ń tì í síwájú. Epo kékeré tí ó ní, ó fi ń yí ara rẹ̀ kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ lè kọjú sí ayé ni. Òòfà oòrùn tilẹ̀ ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ó ń sá nǹkan bíi kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí yóò gbé e láti Èkó dé Ìbàdàn kí ènìyàn tó ka ení dé ẹ̀wá.

Ó wá ku agbára, tí a ní ó tán. Kì í tán. Bọ́ọ̀lù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń sá mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní agbára bíi Joule 130 lára, kò sì sí èyí tí ó sọnù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sún mọ́ táyà tírélà lẹ́yìn tí ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gígùn mọ òórùn búréèkì tí ó ti gbóná: agbára ọkọ̀ ni ó di ooru níbẹ̀, bí eré bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì, ooru tí búréèkì máa gbà kí ọkọ̀ tó dúró á jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù tí ó dúró láàárín pápá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Agbára rẹ̀ wà nínú koríko, nínú afẹ́fẹ́ àti lára awọ bọ́ọ̀lù náà, tí wọ́n fi díẹ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kàn kéré débi pé ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n ni.