Ta ló fún arúgbó níṣẹ́ nínú àwòrán Amẹ́ríkà?

Èrò ọkàn mi nìyí, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà láyé ọdún 1800 sí 1900 fẹ́ràn arúgbó gan-an. Ilé ọtí ni o, pálọ̀ ni o, ìdí sítóòfù ni o, bí wọ́n bá ti ń ya inú ilé, ẹ ó rí bàbá olórí ewú kan tàbí ìyá àgbà kan níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí ẹ bá ní kí ni arúgbó yẹn ń ṣe, ìdáhùn náà kì í sábà ju ẹyọ kan lọ: ó jókòó. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ mú Richard Caton Woodville, ọmọ Baltimore. Ní 1848 ó ya àwòrán kan tó pè ní Politics in an Oyster House. Ọkùnrin méjì ló jókòó sídìí tábìlì. Èyí ọ̀dọ́ mú ìwé ìròyìn dání, ó ń ju ọwọ́, ó ń ṣàlàyé ìṣèlú bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Àgbà kò tiẹ̀ wò ó. Àwa tí à ń wo àwòrán ló kọjú sí, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé "ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí." Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, kí n má parọ́. Lọ́dún kejì ni Woodville tún ya Old '76 and Young '48. Bàbá àgbà tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira jókòó. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Mẹ́síkò dé, tí wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ló ń ròyìn ogun fún un. Ẹni tó jà kí Amẹ́ríkà tó di Amẹ́ríkà! Àwọn èèyàn dúdú inú ilé náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yọjú wolé. Ọ̀rọ̀ àga kò tiẹ̀ kàn wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún péré ni Woodville nígbà tó kú ní London ní 1855. Ewú tó ń yà sórí àwọn ẹlòmíì, òun fúnra rẹ̀ kò rí i hù.

Eastman Johnson ní tirẹ̀, mi ò lè bá a jà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó ya The Nantucket School of Philosophy ní 1887. Erékùṣù ni Nantucket, ní Massachusetts, iṣẹ́ ọdẹ àbùùbùtán ló sọ ibẹ̀ di ìlú ọlọ́rọ̀, nítorí òróró rẹ̀ tí wọ́n fi ń tan fìtílà. Kẹrosíìnì dé, ọjà òróró dẹnu kọlẹ̀, ọkọ̀ ọdẹ tó kẹ́yìn sì gbéra níbẹ̀ ní 1869. Àwọn ọ̀dọ́ jápa. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni Johnson yà, àwọn bàbá atukọ̀ tó yí sítóòfù ká nínú ìsọ̀ aránbàtà. Ìjókòó tiwọn nídìí: òkun tí wọ́n mọ̀ tinú-tẹ̀yìn kò lówó lórí mọ́.

Thomas Hovenden, ọmọ Ireland tó wá fi Pennsylvania ṣe ilé, ló ya èyí tí èrò fẹ́ràn jù níbi ìpàtẹ ńlá Chicago ní 1893. Breaking Home Ties lorúkọ rẹ̀, 1890 ló yà á. Ọmọkùnrin kan ń kúrò nílé, ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ń wo ojú rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣàdúrà fọ́mọ.

Ṣùgbọ́n arúgbó òyìnbó ṣì ríyì gbà o. Hovenden kan náà ya bàbá dúdú kan pẹ̀lú báńjò, ohun èlò orin olókùn bíi gìtá, ní 1882, ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí ìmúnilẹ́rú nílẹ̀ wọn, ó sì pè é ní Dem Was Good Ole Times. Wọ́n ní ayé àtijọ́ dùn. Ayé wo? Èyí tí wọ́n fi lè tà á? Hovenden kì í sì í ṣe ọ̀tá èèyàn dúdú. Ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Plymouth Meeting, ibẹ̀ làwọn tó ń gbógun ti ìmúnilẹ́rú ti ń ṣèpàdé tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú lójú mi.

Báńjò yẹn ni Henry Ossawa Tanner gbà lọ́wọ́ wọn. Èèyàn dúdú ni, wọ́n bí i ní Pittsburgh ní 1859, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ AME (African Methodist Episcopal), ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tàwọn èèyàn dúdú, ni bàbá rẹ̀. Ó máa ń ráhùn pé àwọn tó ń ya èèyàn dúdú, apá ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń rí. Ní 1893 ó ya The Banjo Lesson. Bàbá arúgbó jókòó, àga ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ kékeré kan dúró sáàárín orúnkún rẹ̀, báńjò náà tóbi jù ú lọ. Ọmọ ló ń ta á. Ọwọ́ bàbá ló ń gbé ọrùn báńjò ró, kó má baà wúwo jù fún un. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, wọn ò mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì wà lára ìka tó wà lórí okùn. Ìmọ́lẹ̀ tútù ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì, ti iná ààrò ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ sì rántí pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló gbé ọgbọ́n báńjò dé Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó tó ń kun ojú dúdú lórí ìtàgé ló wá sọ ọ́ di ohun ẹ̀fẹ̀.

Àwọn kan ní àwòrán yìí ti dùn jù, pé ó dà bíi káàdì Kérésì. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé ní ohun èlò orin rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ibo ni adùn wà níbẹ̀? Iṣẹ́ ni bàbá yẹn ń ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà.

Hampton, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, ló ni àwòrán náà báyìí. Lọ́dún 1894 Tanner tún ya The Thankful Poor, bàbá àti ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà sórí oúnjẹ. Ní 1895, ó ya ọmọ kan tó ń gbẹ́ bàtà onígi nílẹ̀ Faransé, àgbà kan dúró lẹ́yìn, ó ń wò ó. Ẹ̀kọ́ ṣì ni, àmọ́ òyìnbó làwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtàn Bíbélì ló gbájú mọ́, Faransé ló sì kú sí ní 1937. Mo mọ ohun tó lé e kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tanú sí èèyàn dúdú ni, mi ò lè dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n fi gbogbo Lásárù àti Dáníẹ́lì tó yà ṣe pàṣípààrọ̀, bàbá àti ọmọ mẹ́wàá sí i ni màá gbà.