Kí Lẹ Rí Lọ́bẹ̀ tí Ẹ Fi Ń Yí Man Page Padà?

Ó tún ti ṣẹlẹ̀! Fáìlì AsciiDoc kan náà (ọ̀nà ìkọ̀wé tó rọrùn, tí mo fi ń kọ man page, ìyẹn ojú ìwé ìtọ́ni fún àṣẹ Linux), n ò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Mo kàn kúrò lórí asciidoc àtijọ́, irinṣẹ́ tó ń gba DocBook (oríṣi fáìlì XML kan) kọjá kó tó sọ ọ́ di man page, mo bọ́ sórí irinṣẹ́ mìíràn, Asciidoctor, gbogbo ojú ìwé bá dàrú! Àwọn línkì tó tò jẹ́jẹ́ sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ àkọlé NOTES wá há sáàárín gbólóhùn. Diff (àkójọ ìyàtọ̀ láàárín ojú ìwé àtijọ́ àti tuntun) tó yẹ kó ṣófo gùn láti Ọ̀fà dé Ìlọrin! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣé fáìlì ló wá yẹ kí n máa bá jà?

Ti dáàṣì ló ń bí mi nínú jù. Àmì dáàṣì tí tẹ́mínà (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) mọ̀, \- ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú roff, èdè tí wọ́n fi ń to man page. Bí irinṣẹ́ bá gbàgbé àmì \ yẹn, groff, ètò tó ń gbé roff jáde sójú, lè sọ ọ́ di háífìn U+2010, àmì mìíràn pátápátá. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Ẹ dà á kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tẹ́mínà: àṣẹ ò ṣiṣẹ́! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux ní Tanke n'Ìlọrin á rò pé òun lòpè. Kí ló ṣe?

1971 ni ìwé ìtọ́ni àkọ́kọ́ ti Unix, bàbá ńlá Linux, jáde. Títí dòní, ẹ ò tíì fẹnu kò lórí dáàṣì? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà irinṣẹ́, níbo lẹ wà? Ó sú mi jàre!