Èsì wa sí ọ̀rọ̀ oníbàárà lórí àwòṣe kékeré kọ̀ntéínà aláìkùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40

Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín kúnná, tí ẹ sì fi àwòrán mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Nítorí àwọn mìíràn tí yóò ka èsì yìí, ohun tí ẹ sọ ni pé ọ̀dà pupa tí ẹ kùn sára kọ̀ntéínà oníke kékeré náà bá téèpù tí ẹ fi pààlà àwọ̀ jáde nígbà tí ẹ ń ṣí i, pé àmì àlẹ̀mọ́ (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀) tó bá a wá ń dán tí etí rẹ̀ sì hàn ketekete, pé kọ̀ntéínà náà kò jókòó dáadáa lórí wágùnù yín, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù rélùwéè àwòṣe, àti pé ike tí kò dára ni a fi ṣe é. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ìràwọ̀ wà lọ́wọ́ yín, a kò ní bá yín jà sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ike yẹn ni a kò lè gbà láìsọ̀rọ̀, torí pé àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ló ń jẹ́rìí fún un.

Nínú àwòrán kejì, níbi tí ọ̀dà ti ṣí, ara ike tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ń dán. Kò sán, kò rọ̀, kò sì sí ipa ọ̀dà ìpìlẹ̀, èyí tí a ń kọ́kọ́ kùn kí àwọ̀ tó tẹ̀ lé e, kankan níbẹ̀. Ọ̀dà pupa náà kò já ní wẹ́wẹ́; ńṣe ló ká kúrò lódindi. Ọ̀dà tó bá ṣí báyìí kò fìgbà kan di ara ike mú rí, ohun tó sì sábà ń fà á ni òróró tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò kí ike lè tètè yọ kúrò nínú irin tí wọ́n dà á sí. Díẹ̀ nínú òróró náà a máa kù sára ohun tí a bá fi ike dà, yálà tiwa ni o tàbí ti ẹlòmíràn, ojú lásán kì í sì í rí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé pélébé inú páálí fi ní kí a kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ fọ kọ̀ntéínà, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gba inú àwọn ìlà ara rẹ̀ kọjá, kí a ṣan án, kí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe fi ìka kan ìhà tí ẹ fẹ́ kùn mọ́, nítorí òróró ara ènìyàn náà kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì mú.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni a rò pé ìdààmú yín ti pọ̀ sí i. Ọ̀dà pupa àti ọ̀dà yẹ́lò kò lágbára láti bo ohun tó wà lábẹ́ wọn, nítorí náà ẹni tó bá kùn wọ́n sórí ike dúdú láìsí ìpìlẹ̀ yóò máa kùn ún lákùntúnkùn títí ọ̀dà yóò fi nípọn. Ọ̀dà tó nípọn a máa gbẹ lókè nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ lo ìpìlẹ̀ funfun tàbí eléérú tí kò dúdú púpọ̀, kí ẹ sì fẹ́ pupa náà lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọ̀dà inú agolo ni ẹ ń fẹ́, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sáàárín agolo àti kọ̀ntéínà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ fífẹ́ ṣáájú etí kan, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi kọjá etí kejì. Kí ẹ tó lẹ téèpù, ẹ fún ọ̀dà náà ní wákàtí 24 ó kéré tán. Imú ni èmi tí mo ń kọ èsì yìí fi ń dán ọ̀dà olóróró wò: bí mo bá ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀, n kì í lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Téèpù fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀, pàápàá lórí kọ̀ntéínà, nítorí ara rẹ̀ rí gọ̀ngọ̀gọ̀ngọ̀ bíi páànù ìbolé. Ẹ fi igi ìtayín tẹ téèpù wọnú ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kun etí téèpù ní fẹ́lẹ́ kí ẹ tó fi àwọ̀ kejì lé e. Bí ọ̀dà kan bá fẹ́ yọ́ wọlé sábẹ́ téèpù, àwọ̀ ti ìsàlẹ̀ ni yóò wọlé, kò sì ní hàn. Bí ẹ bá ń ṣí i, ẹ ká a padà sórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fà á sókè gangan.

Ní ti àmì tó ń dán, afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí kò dán, bó ti wù kó tẹ́jú tó lójú wa, ara rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní, àmì náà a sì jókòó sórí ṣóńṣó wọn láìkan ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan afẹ́fẹ́ inú ihò wọ̀nyẹn ni ẹ rí nínú àwòrán kẹta. Fáníìṣì dídán ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ sí ibi tí àmì yóò wà, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ ki àmì bọ omi, ẹ gbé e jáde, kí ẹ sì dúró kí ó fúnra rẹ̀ máa yọ̀ lórí ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sún un sórí kọ̀ntéínà. Bí ó bá ti jókòó, ẹ fi omi àrọ̀ṣàmì, èyí tó ń mú kí àmì rọ̀ mọ́ ara kọ̀ntéínà, tó wà nínú ìgò kékeré inú páálí tọ́ ọ. Àmì náà yóò hunjọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rù a sì máa ba ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, yóò tún ara rẹ̀ tẹ́. Níbi tí lẹ́tà ńlá bá ti ré kọjá àwọn ìlà tó jinlẹ̀, ẹ fi abẹ tuntun gé e gba etí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún fi omi náà tọ́ ọ. Fáníìṣì tí kò dán ló kẹ́yìn, òun ni yóò sì pa gbogbo etí rẹ́.

Wágùnù yín ńkọ́? Kọ̀ntéínà tí ẹ rà jẹ́ ti ìwọ̀n 1:76, ìyẹn ni pé mìlímítà kan lára rẹ̀ dúró fún mìlímítà 76 lára ti gidi, a kọ ọ́ sí iwájú páálí, ṣùgbọ́n wágùnù inú àwòrán àkọ́kọ́, tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ẹ ti rà á, jẹ́ ti 1:87. Ojú irin kan náà tó fẹ̀ ní mìlímítà 16.5 ni àwọn méjèèjì ń lò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa wọ́n pọ̀. Kọ̀ntéínà gidi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 gùn ní mítà 12.192, ní 1:76 ó di nǹkan bíi mìlímítà 160, ní 1:87 ó di 140. Èèkàn mẹ́rin orí wágùnù yín kò lè bá ihò igun kọ̀ntéínà pàdé láéláé, ẹ̀bi ọ̀dà sì kọ́ nìyẹn. Ẹ ní wágùnù náà tún ń ṣubú ní kọ́nà. Ẹ wo bó ṣe wúwo tó: ìlànà ìwúwo tí National Model Railroad Association, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rélùwéè àwòṣe ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ ìwọ̀n 1:87 ni áúnsì kan, kí a sì fi ìdajì áúnsì kún un fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ náà gùn, èyí tó jẹ́ áúnsì mẹ́rin, nǹkan bíi gíráàmù 113, fún ọkọ̀ onínṣì mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún ìwúwo rẹ̀, ẹ fi ohun tó wúwo náà sábẹ́ wágùnù, kì í ṣe sínú kọ̀ntéínà lókè, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dà kan ẹnu ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kan irin.

Ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi: ṣé ẹ lè pààrọ̀ ipò àwọn nọ́ńbà inú àmì kí kọ̀ntéínà méjì má bàa jọra? Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìkẹyìn tó wà nínú àpótí kékeré kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lábẹ́ ISO 6346, ìlànà àgbáyé fún nọ́ńbà kọ̀ntéínà, ìṣirò láti ara lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀ ló ń bí i. A ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye, A jẹ́ 10, B jẹ́ 12, a ó sì máa fo 11, 22 àti 33. A ó fi 1, 2, 4, 8, títí dé 512 sọ iye mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di púpọ̀ ní ìtẹ̀léra, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi 11 pín in. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà àpótí. Bí ó bá ṣẹ́kù 10, òdo ni a ń kọ. Fún CSQU 305438, àròpọ̀ jẹ́ 6185, ohun tó ṣẹ́kù sì jẹ́ 3.

Ohun tí a lè ṣe fún yín rèé. A ó fi ìwé àmì tuntun kan ránṣẹ́ sí yín láìgba owó. Kọ̀ntéínà méjì tí ẹ kò tíì kùn, ẹ dá wọn padà, a ó fi ti 1:87 pààrọ̀ wọn. Èyí tí ẹ ti kùn kò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́: bí ọ̀dà olómi ni ẹ lò, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí isopropyl, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dán an wò ní abẹ́ rẹ̀ níbi tí kò hàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo abẹ́ wágùnù yín yòókù kí ẹ tó dá ẹrù padà, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ sí wa, nítorí bí èyíkéyìí nínú wọn bá jẹ́ 1:76, ó lè jẹ́ pé kọ̀ntéínà kan ṣoṣo ni ẹ nílò láti pààrọ̀.