Oyún tó bàjẹ́ lára òṣìṣẹ́, ó kan ibi iṣẹ́ náà

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Ìkòròdú níbí, bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin kan, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ayé ló ń bá a jà, tàbí pé kọ̀ǹpútà tó ń jókòó tì láti àárọ̀ ló fà á. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dá kún ìbànújẹ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi agbanisíṣẹ́ ní ìbéèrè tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fi àwọn obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ tẹlifóònù wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kì í lò ó, wọn kò sì rí i pé oyún ń bàjẹ́ lára àwọn ti kọ̀ǹpútà ju ti àwọn yòókù lọ. Púpọ̀ nínú oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, láti ìpilẹ̀ ọlẹ̀ náà ni ọ̀ràn ti wá. Ìyá kò jẹ̀bi, ará ilé ọkọ kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ewu èéfín jẹnẹrétọ̀ fún oyún kì í ṣe àhesọ ní tirẹ̀. Láti Gáréèjì títí dé Odògúnyàn, ẹ ó rí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí abẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní òórùn. Ó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, á kọjá sára ọlẹ̀, á sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti ń pẹ́ lára ìyá lọ. Nítorí náà, bí aboyún bá ní orí ń fọ́ òun nígbàkígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé oyún ló ń ṣe é.

Ti ìsinmi ló dùn mí jù. Apá 54 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka ọjọ́ kankan sílẹ̀ fún ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ìsinmi àìsàn ló kù fún un, èyí tí owó rẹ̀ kò kọjá ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Bí ibà bá ti jẹ 12 náà tán ńkọ́? Ní Íńdíà, láti ọdún 1961 ni òfin ti fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 pẹ̀lú owó. Níbí, ẹlòmíràn á wọ dáńfó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá, á ní ibà ló ṣe òun, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn kò ní gbé òun ga mọ́ bí wọ́n bá mọ̀ pé òun ń wá ọmọ.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wa kò gba owó ńlá: kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ pé ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ yóò sinmi fún ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀, kí ìwé dókítà sì tó, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń bi í pé oyún oṣù mélòó ni.