Bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló kù káàtó

Òótọ́ ni ohun tí ìròyìn kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń gbilẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, àti pé kí kálukú lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí a kò ṣe dáadáa máa ń ṣini lọ́nà.

Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún 30 ìṣẹ́jú ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹ lọ tọ̀, kí ẹ wá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kó ṣe déédéé àyà. Awọ ara ni kí ẹ wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, kì í ṣe orí ẹ̀wù. Bí aṣọ yẹn bá kéré fún apá, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù nìyí, torí ẹyọ kan ni wọ́n ń lò fún ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹni tó sanra. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín.

Bó bá tó 140/90 (nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀rọ) lọ́jọ́ kan, tó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó ti di ti dókítà. (Bó bá kọjá 180/120, tí àyà ń dun yín tàbí tí apá kan ara ń kú tipiri, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn dúró torí pé nọ́ńbà wálẹ̀. Oògùn náà ló mú un wálẹ̀.