Ẹ̀rọ Kajú Ń Bọ̀ Ní Ṣàbẹ́: Ta Ni Yóò Ni Ín?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin dè é pé kí kajú tí a kò tíì pa má ṣe jáde nílùú mọ́. A fara mọ́ òfin náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí kóró kajú wa ti ń wọkọ̀ ojú omi ní Kútọ̀nù lọ sí Vietnam àti Íńdíà, tí wọ́n ń pa á lọ́hùn-ún, tí èrè sì ń dúró sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí kajú bá ti jókòó sílé, ẹ̀rọ tó ń pa á yóò wá bá a nílé ni. A kò tíì gbọ́ kí aláṣẹ kankan sọ ibi tí àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ pa á ní Ṣàbẹ́ wa níhìn-ín yóò forí lé.

Ìbẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gbaṣẹ́ kò rí bákan náà káàkiri ayé. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2017, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà pé rọ́bọ́ọ̀tì àti ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Síbẹ̀, nínú ìwádìí kan náà, bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Swídìn ló ń fojú rere wo rọ́bọ́ọ̀tì. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew rí i pé ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni àyà ń já. Bó bá jẹ́ pé iye rọ́bọ́ọ̀tì ló ń dẹ́rù bani ni, kò sẹ́ni tí ì bá sùn ní Kòríà Gúúsù, níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì 1,012 ti wà fún 10,000 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní 2023. 

Ohun tó mú kí ará Swídìn fọkàn balẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí iléeṣẹ́ bá dá a dúró, àjọ kan wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dáwó sí, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àjọ yẹn á gbà á, á kọ́ ọ níṣẹ́ mìíràn, á bá a wáṣẹ́. Owó àìríṣẹ́ṣe sì wà fún un ní àsìkò yẹn. Ti Jàpáànù tún yàtọ̀: àwọn arúgbó pọ̀, ọ̀dọ́ kò tó, rọ́bọ́ọ̀tì wá di olùrànlọ́wọ́. Ní tiwa ńkọ́? Nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ní Bẹ̀nẹ̀, ó lé ní mẹ́sàn-án tí kò sí lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ kankan. Ẹni tó wà nínú ìwé CNSS, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò òṣìṣẹ́, pàápàá, kò sí owó àìríṣẹ́ṣe fún un níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a fọkàn balẹ̀ bí ará Swídìn ń tàn wá jẹ.

Ibi tó yẹ ká wò jù ni Kollam, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà. Níbẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni wọ́n fi ń pa kajú láti ọdún pípẹ́, ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ń lọ́ra láti gba ẹ̀rọ láyè. Vietnam ní tirẹ̀ gba ẹ̀rọ, ó tiẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tó máa fi tó bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iléeṣẹ́ Kollam ti ti ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí a kò fi ní sọ pé kí ẹ̀rọ má wọ Ṣàbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sá kóró sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọ́n á sẹ́ ẹ, kí ńlá lọ sọ́tọ̀, kí wẹ́wẹ́ lọ sọ́tọ̀. Wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù mọ́jú, kí èèpo lè gan. Lẹ́yìn náà ni obìnrin á jókòó ti abẹ méjì tó kọjú síra, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ fà á, èèpo á là. Epo inú èèpo yẹn ń jó ara. Ẹni tí kò fi òróró pa ọwọ́, tí kò sì wọ ìbọ̀wọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ á bó. Ọmọ inú kóró á wá wọ ààrò, kí awọ pupa ara rẹ̀ lè ṣí. Wọ́n á bó awọ náà, wọ́n á ṣà á ní ìpele-ìpele. Nínú 100 kílò kóró, ọmọ tó ń jáde kò ju kílò 20 ó lé díẹ̀ lọ. Odindi ló sì lówó lórí: èyí tí ọjà àgbáyé ń pè ní W320, odindi 300 sí 320 ló ń wọ ìwọ̀n pọ́n-ùn kan (kò tó ìlàjì kílò). Èyí tó bá fọ́, owó rẹ̀ já.

Ẹ̀rọ kò lójú. Bí a kò bá sẹ́ kóró dáadáa kó tó wọ inú rẹ̀, abẹ á gé èyí tó tóbi jù dé ọmọ, èyí tó kéré á sì kọjá láì là. Kóró tiwa kì í sì í dọ́gba. Ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn bó awọ tún ń fẹ́ iná mànàmáná tó dúró dáadáa. Bí iná bá rọ̀, agbára atẹ́gùn á wálẹ̀, awọ á lẹ̀ mọ́ ọmọ, àfi kí ènìyàn tún fi ọ̀bẹ bó o. Nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ á ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n pípa àti bíbó, tó ń gba ọwọ́ púpọ̀ jù, ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ gbà.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Láti Àjàṣẹ́ dé Pọ̀bẹ́, òkúta làwọn ìyá fi ń pa ẹ̀kùrọ́. Ẹ̀rọ dé, ó gba pípa, àwọn ìyá ṣì ń da á sínú omi amọ̀ kí èèpo rì, kí ọmọ léfòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni gaàrí ní Kétu: ẹ̀rọ ń rin gbágùúdá, obìnrin ń yan án nínú èéfín. Iṣẹ́ kò tán, owó ló yí ọwọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ń gba owó lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, gaàrí ì báà tà, ì báà má tà.

Ní Àjàṣẹ́ lónìí, ẹ̀rù mìíràn ló wà: ti àwọn tó ń jẹun nídìí ìwé ìjọba, nígbà tí ìwé bíi kàsíyé jùdísíyé (ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí) ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbẹ̀rù akọ̀wé là ń gbọ́ jù, torí akọ̀wé ló ń kọ ìwé ìròyìn (àwa náà wà níbẹ̀). Ti obìnrin Ṣàbẹ́ kì í dé Kútọ̀nù. Bí iléeṣẹ́ ńlá bá sì kó pípa kajú lọ sí Glo-Djigbé, ọgbà iléeṣẹ́ ńlá tó wà lápá Kútọ̀nù, bí kílómítà 200 ni, ìyálọ́mọ kò lè máa tẹ̀ lé iṣẹ́ dé ibẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Iléeṣẹ́ kajú tó bá fẹ́ kí ìjọba dín owó orí tàbí owó bodè ẹ̀rọ kù fún òun, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn iye obìnrin tí yóò wà nídìí sísẹ́, ṣíṣà àti títún bó, kí ó sì forúkọ wọn sílẹ̀ ní CNSS. Ètò ARCH, ètò ìdáàbòbò ará ìlú ti ìjọba, ní apá ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti apá owó yíyá nínú: kí wọ́n fi yá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní Ṣàbẹ́ lówó láti ra ẹ̀rọ kékeré tiwọn, kó má jẹ́ pé olówó kan ni yóò tún máa gbowó agbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Kí CQP, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, náà gba iṣẹ́ títún ẹ̀rọ kajú ṣe mọ́ra: pípọ́n abẹ, pípààrọ̀ okùn rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ, wíwọn atẹ́gùn. Kí wọ́n sì gba ọmọbìnrin síbẹ̀, torí bí abẹ bá kú ní oṣù kẹta, nígbà tí kajú gba gbogbo àgbàlá, ẹni tó lè pọ́n ọn ló ń dárúkọ owó.

Àwọn onílé iṣẹ́ yóò ní ẹrù yìí wúwo, pé Vietnam yóò borí àwọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ìlú ló ń ru owó orí tí wọ́n dárí jì wọ́n, ó sì tọ́ kí ará ìlú dárúkọ ohun tí yóò gbà padà. Oṣù kejì ni kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Kí méyà Ṣàbẹ́ pe àwọn obìnrin náà jọ ṣáájú ìgbà yẹn, kí wọ́n ka àdéhùn tó bá wà nílẹ̀ sí wọn létí ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.